Oògùn Tó Kú Nínú Ìgò

Iṣẹ́ abupá ni mo fi ìgbà ọ̀dọ́ mi ṣe nílùú Ẹdẹ àti ní àwọn abà tó yí i ká, mi ò sì rántí ọjọ́ kan tí ẹnì kan rí mi tí inú rẹ̀ dùn. Bí mo bá ti yọ lórí kẹ̀kẹ́ tí ìjọba fún mi, tí mo so àpótí pákó mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn obìnrin á ti máa wọ́ ọmọ wọn wọlé. Ní agbo ilé kan lẹ́yìn ọjà, ìyá kan da omi tó fi fọ ẹran sí mi lẹ́sẹ̀, ó ní òun ò rí mi. Níbòmíràn wọ́n dẹ ajá sí mi, ajá náà sì fa ṣòkòtò kakí mi ya títí dé orúnkún. Wọ́n ní òyìnbó ló fún mi ní àrùn kí n máa fi ha àwọn ọmọ lápá, kí wọ́n lè kú tán, kí ilẹ̀ wọn lè di ti ìjọba.

Èmi náà ò fẹ́ràn wọn. Mo kà wọ́n sí òpè. Mo mọ̀wé kà díẹ̀, mo wọ bàtà, mo sì gbà pé ohun tó wà nínú àpótí mi ju gbogbo ohun tí àwọn bàbá wọn mọ̀ lọ. Bí ọmọ kan bá ń jà mọ́ mi lọ́wọ́, mo máa ń di apá rẹ̀ mú ju bó ti yẹ lọ. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí tó ṣẹlẹ̀.

Ìgbóná ni àrùn tí à ń bá jà. Àwọn àgbà kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀, olóde ni wọ́n ń pè é. Oògùn tí a ń lò sí i, lára ẹgbọrọ màlúù ni wọ́n ti ń mú un wá. Àwọn òyìnbó oníṣègùn á fá irun ikùn màlúù, wọ́n á họ awọ rẹ̀, wọ́n á fi ìgbóná ti màlúù sí i, èyí tí kì í pa ènìyàn. Bó bá sú tán, wọ́n á ha omi inú rẹ̀, wọ́n á rọ ọ́ sínú ìgò tín-ín-rín tí kò tóbi ju abẹ́rẹ́ ìránṣọ lọ. Ọkọ̀ ojú irin ló ń gbé e láti Èkó wá bá wa. Èmi á wá fi abẹ kékeré họ apá ọmọ, màá kán oògùn náà sí i, màá sì fi í sílẹ̀ kó gbẹ. Bó bá di ọjọ́ kẹjọ, ojú ibẹ̀ á ti wú, á ti mómi, á sì jin díẹ̀ láàárín. Ìyẹn la ń pè ní pé ó mú. Ẹni tó bá mú lára rẹ̀, olóde ò ní lè ṣe é ní nǹkan. Bí kò bá mú, kò sí nǹkan tí a ṣe, àfi kí a tún un họ.

Mo ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan. Ìyá wa kú nígbà tí mo ṣì ń rá kòrò, ẹ̀gbọ́n mi yìí ló sì pọ̀n mí dàgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọdé lòun náà nígbà yẹn. Ilé mùsùlùmí ni wọ́n bí wa sí, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kan tí ilé wọn ń bọ òrìṣà ló fẹ́ ẹ, ní abà kan lójú ọ̀nà Ara. Bàbá wa kùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò lẹ, kì í mutí, ó sì ń wá fi ọ̀wọ̀ hàn nígbà gbogbo. Wọ́n fún un níyàwó. Ẹ̀gbọ́n mi bí ọkùnrin kan fún un, ó tún bí obìnrin kan. Èyí obìnrin náà kò ju ọmọ ọdún méjì lọ nígbà tí mo ń wí yìí. Bó bá rí mi, ó máa ń jókòó sórí bàtà mi méjèèjì, kò sì ní jẹ́ kí n rìn.

Ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi wà lábà náà. Obìnrin tó gbẹ ni, àpá olóde kún ojú rẹ̀, ẹyinjú rẹ̀ kan sì ti fọ́ láti kékeré. Òun àti ìdílé rẹ̀ ló ń bọ òrìṣà tó ni àrùn náà. Ìjọba ti fòfin de ìbọ náà, nítorí wọ́n ní àwọn olórìṣà ló ń tan àrùn ká. Ṣùgbọ́n ó ní nǹkan kan tí ìyá yìí ń ṣe tí kò dá dúró. Bí olóde bá mú ẹnì kan tó sì fúyẹ́ lára onítọ̀hún, ìyá náà á ṣa èépá ara rẹ̀, á lọ̀ ọ́, á sì fi abẹ họ ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ abà, á fi èyí tó lọ̀ sí i. Ibà á ṣe wọ́n fún ọjọ́ mélòó kan, á sú sí wọn lára díẹ̀, ara wọn á sì yá. Olóde ò tún ní mú wọn mọ́ láé. Àwọn mìíràn wà tí ara wọn kì í yá. Olóde gan-an ló ń fi sí wọn lára, kì í ṣe ti màlúù, ẹni tó bá sì wà lórí ẹní nítorí rẹ̀ lè kó o ran ará ilé. Mi ò ní gbè sẹ́yìn rẹ̀ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó ń wò. Ó mọ èyí tó mú, ó mọ èyí tí kò mú, kì í sì í parọ́ nípa rẹ̀.

Dókítà òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wa ní Òṣogbo ló ń yẹ ìwé wa wò. Ní ọdún tí mo ń wí yìí, lẹ́ẹ̀rùn, ó pè mí, ó ṣí ìwé mi síwájú tápità tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un. Ní abà mẹ́ta tí mo lọ lágbègbè Awo, kò mú ni mo kọ sí ojú ewé púpọ̀. Mo ṣàlàyé pé ooru pọ̀, pé aṣọ tútù tí wọ́n fi wé àwọn ìgò náà ń gbẹ kí wọ́n tó dé ọwọ́ mi. Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ó ní oògùn náà dára nígbà tó kúrò ní Èkó, pé bí kò bá mú, ọwọ́ ẹni tó ń họ apá ni kò dáa. Ó ní àwọn mìíràn wà tí wọ́n ń tọrọ iṣẹ́ náà. Tápità túmọ̀ rẹ̀ fún mi, ó tún fi ẹ̀rín díẹ̀ kún un láti apá tirẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ìgò tuntun dé. Mo lọ gbà wọ́n ní ibùdókọ̀ ojú irin. Wọ́n ti sọ àpótí náà kalẹ̀ sínú oòrùn láti àárọ̀, kò sẹ́ni tó gbé e síbòji. Nígbà tí mo fọwọ́ kàn án, ó gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Aṣọ inú rẹ̀ gbẹ táútáú. Mo dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ tí mo ń wò ó. Mo ki aṣọ náà bọ omi, mo tún un wé, mo gun kẹ̀kẹ́ mi, mo sì kọrí sí abà ẹ̀gbọ́n mi, nítorí ibẹ̀ ló kàn.

Níbẹ̀, wọn ò lè dẹ ajá sí mi. Àna wọn ni mo jẹ́. Ṣùgbọ́n wọn ò jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ló bọ́ sí ìta, tó gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin jókòó lé itan, tó na apá rẹ̀ sí mi lójú gbogbo wọn. Ó ní bó bá jẹ́ pé àbúrò òun ni yóò ṣe é, kò sí ohun tí òun ń bẹ̀rù. Nígbà tí wọ́n rí i, àwọn ìyàwó ilé yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo họ apá ọmọ náà, kò sunkún. Mo ṣe gbogbo wọn tán kí oòrùn tó yí.

Ìyá àgbà jókòó lórí àpótí ìjókòó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i bó ti yẹ kí n kí àna. Ó bi mí pé kí ni àwọn yóò rí kí àwọn tó mọ̀ pé oògùn náà ṣiṣẹ́. Mo sọ fún un pé lọ́jọ́ kẹjọ yóò wú, yóò sì mómi. Ó ní ó dáa, òun yóò dúró dè é.

Ọjọ́ kẹjọ pé, mo padà lọ. Ìyá àgbà ti kó àwọn ọmọ jọ sábẹ́ igi obì kí n tó dé. Apá àkọ́kọ́ tí mo wò ti gbẹ. Ìlà tín-ín-rín kan ló kù níbẹ̀, bí ibi tí ẹ̀gún ti fa ènìyàn. Èkejì rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mi ò fẹ́ wò ó. Mo wò ó. Bákan náà ni.

Ìyá àgbà ní, “Kò mú. O ní yóò wú, yóò mómi. Èyí ò wú, kò mómi.”

Òótọ́ ló sọ. Gbogbo ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí n kọ ọ́ sínú ìwé, kí n sì lọ wá ìgò mìíràn. Ṣùgbọ́n ohùn dókítà ṣì wà létí mi, àti ẹ̀rín tápità. Inú sì bí mi pé obìnrin olójú kan tí kò mọ̀wé ló ń yẹ iṣẹ́ mi wò lójú àwọn ènìyàn. Mo ní kò mọ ohun tó ń wí. Mo ní bí ti òyìnbó ṣe ń mú nìyẹn, pé nígbà mìíràn inú ara ló ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ni ìyá àgbà kọjú sí. Ó sọ fún un pé òun ní èépá nílé, ti ẹnì kan tí tirẹ̀ fúyẹ́, kó jẹ́ kí òun ṣe é fún ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn. Ó ní ọwọ́ òun ló gba ti àkọ́bí rẹ̀, ọmọ náà nìyí tó ń sáré kiri.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọmọ náà dání. Ó wò mí. “Ìwọ ni mò ń bi. Ṣé ó mú?”

“Ó mú.”

“Wò mí lójú.”

Mo wò ó lójú. “Ó mú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án.”

Ó gbà mí gbọ́. Kò sí ìdí tí kò fi yẹ kó gbà mí gbọ́. Mo ṣí ìwé mi lórí itan, mo kọ ó mú sí iwájú orúkọ gbogbo wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀ ojú ewé.

Ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà mo wà níwájú dókítà. Ó yẹ ìwé náà wò, inú rẹ̀ dùn, ó ní ṣé mo wá rí i pé ọwọ́ ni. Ó bi mí bóyá ẹnikẹ́ni ń dí mi lọ́wọ́. Ǹ bá ti sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n ẹnu ìyá yẹn ṣì ń ta mí, ẹ̀rù sì ń bà mí pé bí ó bá fi èépá rẹ̀ họ àwọn ọmọ náà, tí ó sì sú sí wọn lára, gbogbo ènìyàn ni yóò mọ̀ pé tèmi ò mú. Mo sọ pé ìyá àgbà kan wà ní abà báyìí tó ń fi èépá olóde họ ọmọ lọ́wọ́ lòdì sí òfin. Mi ò sọ pé àna mi ni.

Akódà méjì ló lọ mú un. Wọn ò dè é lókùn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ló fi rìn láti abà dé Ẹdẹ nínú oòrùn, ọ̀kan nínú wọn sì gbé igbá èépá rẹ̀ tẹ̀ lé e lẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Mo wà níwájú ilé bàbá wa nígbà tí wọ́n kọjá. Mo wọlé. Ní kóòtù, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ láìjanpata, ó ní bẹ́ẹ̀ ni òun ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ìyá òun ṣe. Wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́ta. Nígbà tí bàbá wa gbọ́ pé èmi ni mo tú àṣírí rẹ̀, kò pariwo. Ó ní kò sẹ́ni tó ń ta àna rẹ̀ fún akódà, pé kí n má jókòó nídìí àwo oúnjẹ òun fún ìgbà díẹ̀.

Òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀ nígbà tí olóde wọ abà náà. Oníṣòwò obì kan tó ń ti Ara bọ̀ ló sùn sílé ẹnì kan níbẹ̀, ara rẹ̀ ń gbóná nígbà tó dé, nígbà tí yóò fi lọ ó ti sú bo ojú rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dùbúlẹ̀. Gbogbo àwọn tí ìyá àgbà ti fi èépá họ lọ́wọ́ nígbà kan rí, wọ́n ń rìn káàkiri, wọ́n ń pọnmi fún àwọn tó wà lórí ẹní. Àwọn tí èmi nìkan fọwọ́ kàn ló ń ṣàìsàn. Ọmọ mẹ́rin ló kú níbẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni ìkẹta.

Ẹni tí olóde bá pa, wọn kì í sunkún rẹ̀, wọn kì í sì í sin ín sílé. Àwọn olórìṣà ló ń gbé e lọ sígbó, tí wọ́n sì ń tún ilé ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá àgbà ló mọ̀ ọ́n ṣe lábà náà, ó sì wà lẹ́wọ̀n. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Wọ́n ní kò mọ ibi tó yẹ kó gbẹ́, ó sì pẹ́ nínú igbó kó tó dé.

Òun ló rán ènìyàn sí mi, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi. Mo gun kẹ̀kẹ́ dé ibẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹ̀gbọ́n mi ń jó ẹní ọmọ náà lẹ́yìn ilé. Kò yíjú nígbà tí mo kí i.

“O mọ̀,” ó ní. “Ọjọ́ tí mo ní kí o wò mí lójú, o mọ̀.”

Mi ò rí irọ́ mìíràn pa. Mo ní, “Mo mọ̀.”

Ó fi igi ti ẹní náà wọnú iná. Ó ní ìyá ọkọ òun ì bá ti ṣe é fún ọmọ náà. Ó ní èmi ni mo fi ẹnu mi dí i, tí mo tún fa ìyá náà lé akódà lọ́wọ́, kí ó má baà sí ẹni tí yóò gbà á là. Ohùn rẹ̀ kò ga. Lẹ́yìn náà ó ní, “Má wá síbí mọ́. Mo pọ̀n ọ́ dàgbà, ìyẹn ti tó mi.”

Mo dé Òṣogbo lọ́jọ́ kejì, mo sì jẹ́wọ́ fún dókítà. Mo fi ojú ewé náà hàn án, mo ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀, pé kò mú lára ẹnì kankan. Mo rò pé yóò lé mi. Ní tòótọ́, ohun tí mo ń wá nìyẹn. Ó tẹ ìka mọ́ ìwé náà. Ó ní kí n lọ jókòó níta. Nígbà tó pè mí padà, ó ní òun ò ní lé mi, nítorí òun ò ní ẹlòmíràn tó mọ àwọn ọ̀nà abà wọ̀nyẹn. Òun náà ló ti sọ tẹ́lẹ̀ pé àwọn mìíràn ń tọrọ iṣẹ́ mi. Ó ní irú oògùn mìíràn kan ń bọ̀, òun sì fẹ́ kí n bá òun dán an wò.

Oògùn náà kò lómi. Ó dà bí ìyẹ̀fun tó ṣókùnkùn díẹ̀. Tápità ṣàlàyé pé àwọn onímọ̀ ìṣègùn nílẹ̀ òkèèrè ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ọ̀nà tí ooru ò fi ní máa pa á, pé wọ́n ti gbẹ omi ara rẹ̀ tán, wọ́n sì ti fa afẹ́fẹ́ inú ìgò rẹ̀ jáde kí wọ́n tó dí i. Bí a bá fẹ́ lò ó, a ó kán omi kan pàtó sí i, a ó pò ó. Dókítà so ìgò oníyẹ̀fun àti ìgò olómi kọ́ pọ̀ sábẹ́ páànù àká kan nínú ọgbà ilé ìwòsàn, níbi tí ènìyàn ò lè dúró pẹ́ lọ́sàn-án. Ó fi wọ́n síbẹ̀ fún oṣù kan. Lẹ́yìn náà ó ra ẹgbọrọ màlúù kan lọ́wọ́ àwọn Fúlàní. Èmi ni mo dì í mú tí mo sì fá ikùn rẹ̀. A họ apá òsì, a fi èyí olómi sí i; a họ apá ọ̀tún, a fi èyí oníyẹ̀fun sí i.

Lọ́jọ́ karùn-ún a gbé màlúù náà dùbúlẹ̀, ikùn rẹ̀ sókè. Apá òsì ti jinná, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Apá ọ̀tún ti sú, ó tò tẹ̀ lé ara wọn lórí ìlà tí a họ, gbogbo rẹ̀ ló mómi. Dókítà ń rẹ́rìn-ín, ó ń lu tápità lẹ́yìn. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo di ẹsẹ̀ màlúù náà mú, mo sì ń wo apá òsì yẹn.

Mo ní kí tápità bi í bóyá ó mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ooru ń pa èyí olómi. Dókítà dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ó ní àwọn mọ̀, gbogbo oníṣègùn ló mọ̀, ṣùgbọ́n kò sí òmíràn tí àwọn lè lò nígbà náà.

“Bi í,” mo ní, “kí ló dé tó fi ní ọwọ́ mi ni kò dáa?”

Tápità wò mí. Ó ní òun ò ní túmọ̀ ìyẹn. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì yí ẹ̀yìn padà sí mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti kórìíra àwọn méjèèjì, mi ò sì tíì rí ìdí tí mo fi gbọ́dọ̀ dá a dúró. Ṣùgbọ́n irọ́ inú ìwé, èmi ni mo kọ ọ́. Dókítà kò dì mí lọ́wọ́ mú.

Nígbà tí ìyá àgbà jáde lẹ́wọ̀n, dókítà ní kí a lọ sí abà náà, òun, èmi àti tápità. Mo ní kó má mú mi lọ. Ó ní èmi ni mo mọ ọ̀nà. Wọ́n jókòó dè wá, gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó dìde. Ìyá àgbà ti rù sí i, ó sì ń gbọ̀n díẹ̀ bó ti jókòó. Mo dọ̀bálẹ̀. Kò ní kí n dìde, mo sì wà bẹ́ẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ nígbà tí tápità ń sọ ọ̀rọ̀ oògùn tuntun náà, màlúù, àká àti páànù. Ìyá àgbà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.

Ó ní, “Sọ fún un pé mo gbọ́. Bí tirẹ̀ bá ti sàn, kó mú un wá. Ṣùgbọ́n èyí tó dùbúlẹ̀ yìí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọ kankan lábà wa. Lọ́jọ́ kẹjọ, èmi ni màá wò wọ́n, kì í ṣe ìwé.”

Dókítà bi í bóyá yóò jáwọ́ nínú èépá rẹ̀. Ó ní ìyẹn ò sí nínú ohun tí àwọn ń sọ.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ rẹ̀. Oyún mìíràn ti wà lára rẹ̀. Ọ̀nà oko ló ń wò títí a fi lọ.

Abupá kan láti Awo ni wọ́n rán síbẹ̀, ẹni tí wọn ò mọ̀ rí. Òun ló sọ fún mi bó ti lọ. Ó ní lọ́jọ́ kẹjọ ìyá àgbà ní kí wọ́n gbé òun jókòó sí ojú ìmọ́lẹ̀, ó sì fọwọ́ ra apá àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sún ojú rẹ̀ kan tó kù mọ́ wọn. Bó bá ti wò ó tán, á ní ó mú, ìgbà yẹn ni ìyá ọmọ náà yóò tó gbà. Méjì wà tó ní kò mú. Abupá náà tún wọn họ láìjiyàn. Ó ní òun ò tíì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n wò tó bẹ́ẹ̀, kódà láàárín àwa tí wọ́n kọ́. Kò mọ̀ pé àna mi ni, mi ò sì sọ fún un. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló tún lọ ṣe é fún ọmọ tí ẹ̀gbọ́n mi bí. Ọmọ náà dàgbà. Mi ò fọwọ́ kàn án rí.

Mo bá iṣẹ́ náà lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní Ẹdẹ, ní Awo, ní gbogbo ibi tí wọ́n bá rán mi lọ, àfi abà kan yẹn. Oògùn oníyẹ̀fun náà kò já mi kulẹ̀. Bí kò bá mú, mo kọ ọ́ pé kò mú, dókítà tó bá sì fẹ́ kó bínú. Àwọn ènìyàn ṣì ń da omi sí mi lẹ́sẹ̀, mo sì ń bínú sí wọn, ṣùgbọ́n mi ò pè wọ́n ní òpè mọ́. Wọ́n ní ìdí tí wọn ò fi gbà mí gbọ́. Èmi ni ìdí náà.

Nígbà tí ìyá àgbà kú, mo gbé àgbò kan lọ fún ìsìnkú gẹ́gẹ́ bí àna. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi pàdé mi lójú ọ̀nà, kó tó di pé mo wọ abà. Ó dá àgbò náà padà pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀, ó ní kí n má bínú, pé ìyàwó òun ò gbà.

Ìgbà kan ṣoṣo ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tún jọ wà nínú yàrá kan, ìyẹn nígbà tí bàbá wa jáde láyé, tí wọ́n ń ṣe àdúà ọjọ́ mẹ́jọ rẹ̀. Ó jókòó sáàárín àwọn obìnrin ilé, irun rẹ̀ ti funfun. Mo dọ̀bálẹ̀ síwájú rẹ̀, mo kí i kú ìrọ́jú. Òun tó pọ̀n mí, òun tó máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá mi lórí bí mo bá fi oúnjẹ ṣòfò, ó dá mi lóhùn bí ẹni ń dá àlejò lóhùn.

“Ẹ ṣeun,” ó ní. “Ẹ dìde. Ẹ kú ìnáwó.”

Ó yíjú sí obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ nípa ẹni tí yóò gbé àwo sàráà jáde. Mo dìde, mo gbọn eruku ara mi, mo sì bọ́ síta lọ bá àwọn ọkùnrin.